Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí Òkú Oníyán Tún Padà Wá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ọmọ mi ti Ìbàdàn dé. Wọ́n ti lọ wo sinimá aláwàdà kan kí wọ́n tó wọ mọ́tò, inú wọn ò sì dùn. Wọ́n ní apá kìíní rẹ̀ tí àwọn wò nígbà kan pa àwọn lẹ́rìn-ín débi pé ìhà ń dun àwọn, ṣùgbọ́n apá kejì yìí, ṣe ni àwọn jókòó tí àwọn ń wo ara àwọn lójú. Èyí àgbà nínú wọn, tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ tíátà, wá bi mí pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe àwàdà, ṣé apá kejì lè dùn tó àkọ́kọ́ láéláé?"

Mo ní ó lè dùn. Mo ní ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá run kí á tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n ní kí ó jókòó, kí ó máa kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì ń wọ̀tún wòsì, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, lè rí i kà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ awo eégún, ẹ má bínú sí mi. Ibi tó bá yẹ kí n dákẹ́, n ó dákẹ́.

Ògbòòrò ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi, ẹni tó bá sì mọ ilẹ̀ wa mọ irú iṣu tí à ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹ̀, ìdílé eégún, ni ilé ìyá mi, ibẹ̀ ni orúkọ mi, Ọ̀jẹ́níyì, ti wá. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tó lè dá ebè kọ, àwọn eégún aláré kan gba ìlú wa kọjá. Wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì, wọ́n ń gbé ìbòjú wọ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ oko bá ti dẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀yìn odi, n ò sì fẹ́ padà. Ìyá mi bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì gbà mí. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn èèyàn ò bá rẹ́rìn-ín mọ́, má dúró ṣàlàyé fún wọn. Oko mi ni kí o forí lé."

Àgọ́-Àrẹ ni ọ̀gá wa ń gbé. Baba Àbẹ̀ní ni gbogbo ayé ń pè é, torí Àbẹ̀ní ni àkọ́bí rẹ̀, òun náà ló sì ń dá orin fún àwọn obìnrin tó máa ń gbè é nígbà tí a bá ń ṣeré. Bí ẹ bá pàdé Baba Àbẹ̀ní lójú ọ̀nà, ẹ ó rò pé ó ń lọ sìnkú ni. Ó ga, ó rù, ojú rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ìbòjú wọ̀, tó gbé ẹsẹ̀ kan, tó wá dúró bí ẹni tó gbàgbé ibi tó fi èkejì sí, ẹ̀rín á dá gbogbo ojú agbo wó.

Mo rò pé ìbòjú ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún mi. Ẹrù ni wọ́n gbé fún mi. Mo ru àpótí ìbòjú láti Àgọ́-Àrẹ dé Ìlúà, láti Ìlúà dé Ìsẹ́yìn, nínú eruku ọyẹ́, lójú ọ̀nà tí iná ti jó koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán, tó fi jẹ́ pé igi ẹmi nìkan ló kù lórí ìdúró. Bí mo bá sọ ẹrù kalẹ̀, àkìtì ló kàn. Inú iyanrìn etí odò ni mo ti kọ́ ọ, bí mo bá sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀gá ò ní wí nǹkan kan. Á kàn nawọ́ sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé kí n padà lọ.

Òfin tó le jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé aláwàdà kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń se ọbẹ̀, tó ń tọ́ ọ wò, tó tún ń tọ́ ọ wò, kí ni yóò kù fún àlejò?" Ní Ìlúà lọ́jọ́ kan, ọkùnrin sísanra kan nínú wa, Ọ̀jẹ́dìran, ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Mo wà lẹ́yìn ọgbà tí a fi ń bo ibi ìpààrọ̀ aṣọ, mo di aṣọ mú, ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, àwọn èrò sì gbọ́. Nígbà tí eré parí, Baba Àbẹ̀ní pè mí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìjàlọ ni, tí kì í ṣe eèrà mìíràn? Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ họ? Ká ní ikùn ni ńkọ́?" Ó bi mí ní ìbéèrè títí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu mi, títí mo fi ń wo ẹ̀fẹ̀ yẹn bí alápatà ṣe ń wo ẹran. Ìgbà yẹn ló tó ní kí n dìde. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun títí di ogbó, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ó ní kí n máa ṣe ìyàwó nínú eré. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọkùnrin ló ń wọ ìbòjú obìnrin. Àwọn obìnrin ń kọrin, wọn kì í wọnú aṣọ eégún. N kò mọ bí obìnrin ṣe ń rìn, n kò mọ bó ṣe ń sunkún. Baba Àbẹ̀ní bá fà mí lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àbẹ̀ní dá mi dúró sí àgbàlá, ó ní kí n sunkún ọkọ tó kú. Mo ké bí ewúrẹ́.

Ó ní, "Níyì, ìyẹn kì í ṣe ẹkún. Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ náà kú?"

Mo ní, "Rárá, ó ń díbọ́n ni."

"Ìyàwó sì mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Kí lo wá ń dijú sí? Ẹni tó ń sunkún ẹ̀tàn kì í dijú. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Sunkún, kí o máa wo ìkòkò ọbẹ̀."

Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo ń ké, mo ń fi ojú kan ṣọ́ ìkòkò. Àbẹ̀ní fi ìbòrùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń wọ̀ mí lára. Mo sì mọ nǹkan mìíràn pẹ̀lú, torí òun ló padà di ìyá àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ ni mo ń sọ.

Eré tí mo ń kọ́ ẹkún rẹ̀ yẹn ni à ń pè ní Òkú Oníyán. Ọkùnrin ahun kan gún iyán, ó fi ẹran ìgbẹ́ se ọbẹ̀. Bó ṣe fẹ́ bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbúròó àna rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àna yìí sì mọ oúnjẹ jẹ, àfi kí á máa wò ó. Ni ahun bá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Sọ fún un pé mo ti kú," ó sì nà gbalaja sílẹ̀. Baba Àbẹ̀ní ni ahun, Ọ̀jẹ́dìran ni àna, èmi ni ìyàwó. Àna wọlé, ó gbọ́ pé àna òun ti kú, ó bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní òun á dúró sìnkú. Ó ní ẹni tó máa gbẹ́lẹ̀, dandan ni kó jẹun. Ó bá fa abọ́ mọ́ra. Ó bu òkèlè kan, ó nu omijé kan. Ó tún bu òkèlè, ó tún nu omijé. Bí ẹran ṣe ń lọ ni òkú ń ṣí ojú kan. Nígbà tó wá ku ẹyọ ẹran kan ṣoṣo, tí àna nawọ́ sí i, òkú fò dìde, ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀! Ọ̀run ni mo ti ń bọ̀ wá mú un!"

Ẹ ò lè mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe fún wa. Gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn ló gbé e sẹ́nu. Bí ọmọdé bá já ẹran gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, á ní ọ̀run lòun ti ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ wa mọ Òkú Oníyán. Ogun tí àwọn òyìnbó bá ara wọn jà, tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ru ẹrù ní Kamẹrúùnù, kò tíì dé nígbà náà. Ayé rọ̀, èèyàn sì ráyè rẹ́rìn-ín.

Ní Ìsẹ́yìn, ilé ahunṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Baba Sàlámì là ń dé sí. Ìmàle ni, aṣọ òfì ló ń hun. Kì í bá wọn bọ egúngún, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rín ò ní ẹ̀sìn. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ lọ́dún náà, ó sìn wá dé ojú ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tó jí yẹn ò kúrò lọ́kàn mi o. Tí ẹ bá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mìíràn, ẹ bá mi mú un dání."

Baba Àbẹ̀ní mi orí. "Ọkùnrin yẹn ti jí, Baba Sàlámì. Eré ti parí."

"Ṣé ẹni tó bá jí kì í jáde síta ni?"

Kì í ṣe òun nìkan. Ìlú tí a bá dé, ohun tí wọ́n ń pè nìyẹn: òkú dà, òkú dà? Bí a bá gbé eré tuntun kalẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì tún bi wá léèrè òkú. Nígbà tó yá, apá Baba Àbẹ̀ní ò ká a mọ́. Ó ní ó dáa, a ó ṣe èkejì.

Gbogbo ìgbà òjò la fi múra rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa rí bí ọgbọ́n. Ó ní, "Bí àna kan bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín báyìí, kí ni ká ti wí bí wọ́n bá rí àna méjì?" Bí a ṣe fi àna kan kún un nìyẹn. A ní kí ìyàwó náà kú pẹ̀lú, kí òkú di méjì. A lọ gbẹ́ ìbòjú tuntun, ó tóbi ju ti àtijọ́, ẹnu rẹ̀ gùn bí ẹnu àkàlà. A wá odó ńlá. Ibi tí ahun ti fò dìde lẹ́ẹ̀kan, a ní kó fò dìde, kó tún kú, kó tún fò dìde. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú wa.

Ìsẹ́yìn la gbé e lọ. Ojú agbo kún débi pé àwọn ọ̀dọ́ gun igi. Nígbà tí Baba Àbẹ̀ní yọ pẹ̀lú ìbòjú ńlá náà, ariwo sọ, inú mi dùn. A bẹ̀rẹ̀. Ahun gún iyán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àna dé, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ahun kú. Èmi náà kú. Àna kejì dé, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo nà sílẹ̀ nínú ìbòjú, mò ń tẹ́tí. Ìyá àgbà kan jókòó nítòsí, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé èyí tí wọ́n ṣe lọ́jọ́sí náà kọ́ nìyí, àbí oorun ti gbé mi lọ ni?"

Nígbà tí òkú jí lẹ́ẹ̀kíní, àwọn kan rẹ́rìn-ín torí pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tó tún kú, tó tún fẹ́ jí, ni àwọn Fúlàní ń da màlúù kọjá lẹ́yìn agbo. Akọ màlúù kan já, ó gbá tẹ̀ lé alápatà kan. Alápatà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, fìlà rẹ̀ bọ́, màlúù gbé fìlà náà sórí ìwo. Ẹ̀rín! Irú ẹ̀rín tí mo ti ń retí láti àárọ̀! Gbogbo èrò tú lọ síbẹ̀. Màlúù gba ojú agbo lọ́wọ́ wa.

Mo dìde, mo fẹ́ máa palẹ̀ mọ́. Baba Àbẹ̀ní ní, nínú ìbòjú, ohùn rẹ̀ ò ga, "Padà sílẹ̀. O ti kú. Eré tí a bá bẹ̀rẹ̀, a ó parí ẹ̀." A ṣe é dé òpin. Baba Sàlámì nìkan ló wò wá tán, òun àti àgùntàn kan tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baba Sàlámì. Onílé gbé omi fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní kí ẹ wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yẹn fún mi lẹ́yìn tó jí. Ohun tí mo ti mọ̀ lẹ tún wá sọ fún mi, ẹ sì fi ariwo sí i."

Baba Àbẹ̀ní mu omi náà. Ó ní, "N ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà."

Ọ̀jẹ́dìran ò bá wa padà sílé. Ó ní òun ń lọ sí apá gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń gbin kòkó, pé kòkó kì í wo èèyàn lójú kó má rẹ́rìn-ín. Ìròyìn wa sì ṣáájú wa dé gbogbo ibi tí à ń lọ. Ìlúà ní ká má ṣèyọnu lọ́dún yìí. Ṣakí nìkan ló kù, torí wọ́n ti pè wá kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, wọn ò sì lè mú ọ̀rọ̀ wọn padà. Baba Àbẹ̀ní ní bí Ṣakí bá rí bí Ìsẹ́yìn, òun á gbé ìbòjú sókè àjà, kí olúkúlùkù wá nǹkan mìíràn ṣe. Èmi mọ èyí tó máa jẹ́ tèmi. Mo ti ń fojú inú wo bàbá mi lóko, kò ní bú mi, á kàn na ọkọ́ sí mi.

Ilé Baba Àbẹ̀ní ní Àgọ́-Àrẹ kì í gbẹ fún àlejò. Ẹni tó bá ń kọjá ní ìyálẹ̀ta á yà, wọ́n á jẹun, wọ́n á sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé láti Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó yà mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Wọn ò mọ ojú tí wọ́n fẹ́ fi wò ó ni. Àbẹ̀ní sì ti gún iyán tó pọ̀ bó ṣe máa ń gún un, torí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ òmíràn.

Mo jókòó ti ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Iyán wà níwájú rẹ̀, ó ń gbóná. Aládùúgbò kan ń kọjá. Ọ̀gá ní, "Ẹ wá bá mi jẹun o!"

Aládùúgbò ò dúró. Ó ní, "Á gba ibi ire o, Bàbá!" Ó yára kọjá.

Ẹlòmíràn dé. "Ẹ wá jẹun o!"

"Á gba ibi ire o!" Òun náà ń sáré lọ.

Ọ̀gbẹ́ni kẹta tiẹ̀ dáhùn kí wọ́n tó pè é. Ó yọ lókèèrè, ó rí abọ́, ó ní, "Á gba ibi ire!" ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Baba Àbẹ̀ní di òkèlè mú lọ́wọ́, kò fi kan ọbẹ̀. Ó wá ní, "Níyì, ọkùnrin tó kú tó jí. Ta ló máa bá a jẹun?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa bá òkú jẹun, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó máa bá a jẹun! Ahun tó kú torí kí àlejò má bàa jẹ nínú iyán rẹ̀. Ó jí. Ìlú gbọ́ pé ó ti kú. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n á sá. Iyán ń bẹ, ẹran ń bẹ, kò sì sí..." Kò lè parí rẹ̀. Ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n ò rí eyín ọkùnrin yẹn rí. Àbẹ̀ní sáré jáde láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Òun náà gbọ́ ọ, ó sì gbé orin sẹ́nu lójú ẹsẹ̀:

"Á gba ibi ire o, á gba ibi ire,
Òkú ń pè mí wá jẹun,
Ẹsẹ̀ mi ti ṣáájú mi délé."

A ju ìbòjú ńlá náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a mú ti àtijọ́. A ò wá àna mìíràn dípò Ọ̀jẹ́dìran, torí eré yìí ò nílò àna. Èmi ni ìyàwó tó sá lọ sílé bàbá rẹ̀. Èmi náà ni gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bí mo bá ti sá wọ ẹ̀yìn ọgbà, n ó pààrọ̀ ìbòjú, n ó tún yọ bí ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí a máa ṣe é ní Ṣakí, àárọ̀ ni mo ti to àwọn ìbòjú sẹ́yìn ọgbà. Èrò pọ̀, àmọ́ wọ́n ká ọwọ́ gbera. Ìròyìn màlúù ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ọ̀gá yọ, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ so màlúù mọ́lẹ̀ o!" wọ́n sì fi wá rẹ́rìn-ín. Baba Àbẹ̀ní ò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ó gún iyán, iyán gidi, nínú odó gidi, kí òórùn ọbẹ̀ lè dé imú wọn. Ó pe ẹni àkọ́kọ́. Mo ní, "Á gba ibi ire!" mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó di ẹni kẹrin, gbogbo agbo ló ń bá mi dáhùn, àwọn obìnrin ń bá Àbẹ̀ní gbè é, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀.

Ahun ń sáré kiri báyìí, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bẹ igi. Ó ń bẹ ajá. Mo ti sá wọ ẹ̀yìn ọgbà, mò ń wọ ìbòjú tó kàn, nígbà tí mo gbọ́ tí Baba Àbẹ̀ní kọjú sí àwọn èrò fúnra wọn. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Ẹ jọ̀wọ́. Ẹ wá bá mi jẹun."

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Gbogbo ìgbà tí a ti ń bọ̀, wọ́n ń dáhùn. Ní báyìí, wọ́n dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Mo ti nà sílẹ̀ nínú rẹ̀ rí ní Ìsẹ́yìn. Mo fi okùn ìbòjú sílẹ̀ láìso. Mo yọjú láti ihò ọgbà.

Bàbá àgbẹ̀ kan ló wà níwájú, ó ń ti oko bọ̀, ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká. Kì í ṣe ara wa, a ò mọ̀ ọ́n rí. Ó sọ ọkọ́ náà kalẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, mò ń bọ̀ o. Ebi tiẹ̀ ń pa mí." Ó rìn wọ àárín agbo, ó jókòó síwájú òkú, ó bu omi ṣan ọwọ́, ó sì bu òkèlè.

Ṣakí dàrú. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín láyé mi, n ò gbọ́ irú ìyẹn rí. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ ara wọn, àwọn kan ń nu ojú. Ohun tí Baba Àbẹ̀ní wá ṣe, kò sí nínú ohun tí a jọ múra. Ahun wo àlejò rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó wá fi ìka kan ti ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ sí iwájú bàbá náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ìka ń dùn. Agbo pa lọ́lọ́. Bàbá náà mú ẹran, ó ní, "A dúpẹ́ o." Ìgbà yẹn ni ariwo tún sọ.

Èmi jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ìbòjú lọ́wọ́ mi. Ẹni tó yẹ kí n lọ ṣe ò wúlò mọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù tí mo ti rù láti Ìsẹ́yìn kalẹ̀ fún mi. Mo mí, mo tún mí.

A bá bàbá àgbẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ kó tó máa lọ. Baba Àbẹ̀ní bi í pé nínú Òkú Oníyán àtijọ́ àti èyí, èwo ló dùn jù. Àgbẹ̀ kì í purọ́. Ó ní, "Ti àkọ́kọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín ju báyìí lọ, torí n ò mọ̀ pé òkú máa fò dìde. Ṣùgbọ́n mo dé ilé, mo gbàgbé ọkùnrin náà. Èyí, n ó máa rò ó lóko."

Ohun tí mo mọ̀ nípa apá kejì ò ju ìyẹn lọ. Ìyàlẹ́nu kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá ń lé e kiri, á kàn rẹ ara rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ẹ bá lè bi ẹni tí wọ́n ti mọ̀ yẹn léèrè ohun tí ìwà rẹ̀ ti sọ ọ́ dà, wọ́n á tún jókòó tì yín.

Ìlúà ránṣẹ́ pè wá padà. Baba Sàlámì rí ohun tó ti ń béèrè, ó sì fún ọ̀gá ní aṣọ òfì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ọ̀jẹ́dìran náà padà wá, ó ní òun gbọ́ pé oúnjẹ wà. Nígbà tí ogun àwọn òyìnbó dé, tí àwọn ọ̀dọ́ kan lọ tí wọn ò bọ̀, a ṣe é fún àwọn tó kù nílé. Wọ́n ní ó tù wọ́n nínú.

Baba Àbẹ̀ní fa iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ kó tó di ẹni ilẹ̀. Ìgbà tèmi, nǹkan yí padà. Ìbòjú igi tó máa ń fa ọrùn di ti aṣọ rírán. Ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn di lọ́rì, a sì ń dé Ìsẹ́yìn láìsí eruku nínú eyín. Àtùpà gáàsì dé, a wá ń ṣeré lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ sinimá ìjọba wá ta aṣọ funfun sí ojú ọjà, àwọn èrò wa sì kọjú sí i. Wọ́n ní kí n bínú sí i. N ò bínú. Mo lọ jókòó, mo wò ó. Ọkùnrin kan ṣubú sínú odò nínú rẹ̀, mo sì rí ohun tó mú kó dùn: kó tó ṣubú, ó ti fi odò náà han ẹlòmíràn pé kó ṣọ́ra. Irinṣẹ́ lè yí padà. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́, á dá iṣẹ́ mọ̀ nínú aṣọkáṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ wá ọ̀gá tó le. Èyí tó ń pọ́n yín lé lójoojúmọ́ ò kọ́ yín ní nǹkan kan.

Orúnkún ló fẹ̀yìn mi tì. Ògbòòrò ni mo ti ṣeré ìkẹyìn, níwájú ilé bàbá mi, ní ọ̀sán gangan. Mo ṣe Òkú Oníyán, mo ṣe èkejì rẹ̀, àwọn tí kò tíì sí láyé nígbà tí a dá a sílẹ̀ ń bá mi dáhùn. Nígbà tí mo ń wọlé, àwọn ọ̀dọ́ kan tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pariwo, "Bàbá, ìkẹta! Ìkẹta ńkọ́?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di òpó mú. Mo ní, "Ọkùnrin yẹn ti jẹun, ó ti rí ẹni bá a jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Wọ́n rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín lọ. Mo bọ́ aṣọ, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, Àbẹ̀ní sì bu omi gbígbóná wá fún orúnkún mi. Ó bi mí bóyá ó ń ṣe mí bákan pé iṣẹ́ ti parí.

Mo wá inú ara mi wò dáadáa, torí n kò fẹ́ purọ́ fún un. N ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìrọ̀rùn.